CA-125 tó jẹ́ 68, AMH tó jẹ́ 0.6: kí ni ìwé àyẹ̀wò yìí ń wí gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Ó ti di ọdún méjì tí èmi àti ọkọ mi ti ń retí ọmọ. Nǹkan oṣù mi máa ń dùn mí débi pé mi ò ní lè dìde lọ síbi iṣẹ́. Láàbù kan ń polówó àyẹ̀wò pípé fún obìnrin, mo sanwó, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mi ní ọjọ́ kejì nǹkan oṣù. Nígbà tí èsì dé, CA-125 mi jẹ́ 68. Wọ́n fi pupa kọ ọ́, wọ́n ní kò yẹ kó kọjá 35. AMH mi jẹ́ 0.6. Síkáànì orí ikùn fi hàn pé àpò omi kan wà lára ilé ẹyin mi ti òsì, ó tó sẹ̀ǹtímítà 4, fáíbírọ́ìdì kéékèèké méjì sì wà nínú ilé ọmọ. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin ló pa àbúrò ìyá mi ní ọmọ ọdún 51. Ẹnì kan ti ní kí n tètè lọ yọ ilé ẹyin náà kúrò. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé mo ṣì lè bímọ?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. N ó kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Ìwé yẹn kò sọ pé ẹ ní jẹjẹrẹ. Nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìrora yín, ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, àpò omi ara ilé ẹyin àti AMH (purotéènì tó ń sọ bí ẹyin tó kù ṣe pọ̀ tó) tó lọ sílẹ̀, ibòmíì ni wọ́n ń tọ́ka sí, n ó sì débẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ tó ka ìyókù: ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn yín nítorí 68 yìí nìkan.

Purotéènì ni CA-125. Ní ọdún 1981, ní Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Robert Bast àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń wá àńtíbọ́dì tí yóò lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Wọ́n dán ọ̀pọ̀ wò kí wọ́n tó kan èyí tó ṣiṣẹ́, 125 sì ni nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tó di 1983, wọ́n ti sọ ọ́ di àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nínú àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin ń bá jà, 82 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn kọjá 35. Nínú àwọn tí ara wọn le, ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tó ní àìsàn míì tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni 35 tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n lónìí ti jáde. Ìgbà tí àwọn dókítà wá ń ṣe àyẹ̀wò náà fún oríṣiríṣi obìnrin tó wọlé wá, tí inú ń run, tí nǹkan oṣù ń yọ lẹ́nu, ni wọ́n rí i pé àwọn tí tiwọn ń kọjá 35 láìní jẹjẹrẹ pọ̀ jọjọ.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀, tí a bá mọ iṣẹ́ tí purotéènì náà ń ṣe. Ara purotéènì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní MUC16 ni CA-125 jẹ́. Ojú àwọn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ara ló máa ń wà: awọ tó tẹ́ inú ikùn, èyí tó yí ẹ̀dọ̀fóró ká, èyí tó yí ọkàn ká, inú túùbù tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, inú ilé ọmọ, kódà ojú ẹyinjú wa. Ó ń jẹ́ kí àwọn awọ náà máa yọ̀, kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ ara wọn, ó sì ń dènà kòkòrò. Ohunkóhun tó bá ti dá ọgbẹ́ sí wọn, tó mú wọn wú, tàbí tó ń fà wọ́n, purotéènì náà á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan oṣù nìkan tó láti gbé e sókè. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún ń gbé e sókè. Fáíbírọ́ìdì, endometriosis (àrùn tí n ó ṣàlàyé níwájú), àkóràn inú túùbù, ẹ̀dọ̀ tó ti gan, ọkàn tí kò lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́, iṣẹ́ abẹ inú ikùn tí kò tíì pẹ́, gbogbo wọn ló ń gbé e sókè. Ajá tó ń gbó lóru ni CA-125. Ó lè jẹ́ olè ló rí, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò tó pẹ́ kó tó wọlé. Ẹnikẹ́ni kì í yìnbọn nítorí pé ajá gbó.

Ẹ jẹ́ kí n dá ikọ́ ife sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tiwa níhìn-ín ni. Ikọ́ ife kì í ṣe àìsàn àyà nìkan. Ó lè wọ inú ikùn, kí ikùn kún fún omi, kí obìnrin rù, kí CA-125 rẹ̀ sì fò dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹni tó bá wo síkáànì àti ìwé ẹ̀jẹ̀ nìkan á ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin tó ti tàn káàkiri ni. Wọ́n á gbé obìnrin náà lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n tó rí i pé oògùn tí ìjọba ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń lò fún oṣù mẹ́fà, ni ìbá ti wò ó sàn. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fẹ́ gé ẹran ara díẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó dárúkọ jẹjẹrẹ fún ẹnikẹ́ni. Ikọ́ ife tún máa ń dí túùbù láìsí pé obìnrin ń wúkọ́ rárá, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó ń wá ọmọ rántí rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé pẹ̀lú ẹnì kan tó ní ikọ́ ife rí, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín.

Wàyí o, ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń polówó àyẹ̀wò kì í ṣe fún oníbàárà. Ẹ kó 10,000 obìnrin jọ, kí gbogbo wọn ti kọjá ọdún 50, kí nǹkan oṣù wọn ti dá, kí ara wọn sì le. Nǹkan bí 4 nínú wọn ló ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Bí ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yòókù bá kọjá 35, ọgọ́rùn-ún obìnrin nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní àyẹ̀wò náà mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, obìnrin 104 ni a máa pè padà, a óò sì dẹ́rù ba 100 nínú wọn lásán. Àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá ni mo fi ṣírò yìí o, ohun tó lè gbé CA-125 wọn sókè kò tó nǹkan. Ní ọmọ ọdún 34, jẹjẹrẹ náà ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ohun tó lè mú ajá gbó sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà burú díẹ̀. Nígbà tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì kúrò níbi tó wà, tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni ìtọ́jú rọrùn, nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin náà ni CA-125 wọn kì í tíì kọjá 35. Ìyẹn ni pé ó ń gbó mọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ó sì ń dákẹ́ fún ìdajì àwọn olè.

Ẹ lè wí pé, ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe é lọ́dọọdún ńkọ́, ṣé a ò ní gba ẹ̀mí là? Àwọn tó bi ara wọn ní ìbéèrè yìí ṣe ìwádìí ńlá méjì lé e lórí. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin 78,216 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 55 sí 74 ló wọnú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní PLCO. Wọ́n ń ṣe CA-125 àti síkáànì fún ìdajì wọn, wọ́n sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀ sí ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Èsì jáde ní 2011: iye tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin pa ní ìhà àyẹ̀wò kò dín kù. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé náà ni pé obìnrin 3,285 ni àyẹ̀wò fi ẹ̀sùn jẹjẹrẹ kàn lásán, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún 1,080 nínú wọn, 163 sì fara gbọgbẹ́ gidi nínú iṣẹ́ abẹ tí wọn kò nílò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK), ìwádìí tí wọ́n ń pè ní UKCTOCS kó obìnrin 202,638 jọ láàárín 2001 sí 2005. Wọn kò tiẹ̀ lo òdiwọ̀n 35 lásán. Wọ́n ń wo bí nọ́ńbà obìnrin kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún, èyí tó gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n rí jẹjẹrẹ tó ṣì kéré jù bí wọ́n ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí èsì ìkẹyìn jáde ní 2021, iye àwọn tó kú kò yàtọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí a rò pé ó fà á ni pé èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó sì burú jù, nínú àwọn jẹjẹrẹ tí à ń pè ní ti ilé ẹyin, ẹnu túùbù ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ṣí sí inú ikùn gbayawu, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sì lè ti fọ́n ká kí ohunkóhun tó tóbi débi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí síkáànì á fi mọ̀.

Nítorí náà ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, fi kìlọ̀ ní 2016 pé kí àwọn obìnrin àti dókítà má ṣe lo àyẹ̀wò kankan tí wọ́n ń tà lórúkọ pé ó ń ṣàwárí jẹjẹrẹ ilé ẹyin lára ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ó ká mi lára púpọ̀ pé ohun tí wọ́n kìlọ̀ lé lórí lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò ìtọ̀ súgà níhìn-ín, tí wọ́n ń pè é ní ẹ̀bùn fún ìyàwó ilé. Láàbù tó gba owó yín fún CA-125 ní ọjọ́ kejì nǹkan oṣù yẹ kó mọ̀ pé ọjọ́ tó burú jù fún àyẹ̀wò náà nìyẹn. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló dára fún FSH, họ́mọ̀nù tó ń mú ẹyin dàgbà, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà á lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kàn da CA-125 mọ́ ọn ni.

Kì í ṣe pé àmì inú ẹ̀jẹ̀ kò wúlò o. Ọ̀kan wà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé pátápátá: hCG, purotéènì tí àyẹ̀wò oyún ń wá nínú ìtọ̀. Oyún kan wà tí kì í ní ọmọ nínú, tó jẹ́ kìkì omi róbótó-róbótó, ó sì lè di jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní choriocarcinoma. Jẹjẹrẹ yìí fúnra rẹ̀ ló ń ṣe hCG jáde, nítorí náà bí jẹjẹrẹ bá pọ̀, hCG á pọ̀, bó bá tán, hCG á tán. Ní 1956, Dókítà Min Chiu Li bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn methotrexate wo àwọn obìnrin tó ní in, nílé ìwádìí jẹjẹrẹ ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ̀dọ̀fóró wọn, tí jẹjẹrẹ náà ti tàn dé, wá mọ́ lórí fọ́tò X-ray, gbogbo ènìyàn ní ó ti tán, ṣùgbọ́n Li rí i pé hCG ṣì kù díẹ̀ nínú ìtọ̀ wọn, ó sì ń fún wọn lóògùn nìṣó títí kò fi sí mọ́. Wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn tí Li kò dá oògùn wọn dúró ni àrùn náà kò padà sọ́dọ̀ wọn. Lónìí, obìnrin tí wọ́n bá fọ irú oyún bẹ́ẹ̀ kúrò fún gbọ́dọ̀ máa ṣe hCG léraléra, kò sì gbọdọ̀ tíì lóyún míì títí dókítà á fi ní ó tó. CA-125 náà ní irú ìwúlò yìí fún ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin, a fi ń mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò dára fún ni kí a fi ṣọdẹ lára ẹni tí a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí tiyín gan-an. Ní 1990, Ian Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì gbé ìṣirò kan jáde tí a ṣì ń lò títí dòní, RMI ni wọ́n ń pè é. Ohun mẹ́ta ni a ń ṣe ní ìlọ́po: máàkì síkáànì, máàkì nǹkan oṣù, àti CA-125 fúnra rẹ̀. Lórí síkáànì, a ń wò bóyá àpò omi náà ní yàrá púpọ̀ nínú, bóyá ẹran líle wà nínú rẹ̀, bóyá ó wà lára ilé ẹyin méjèèjì, bóyá omi wà nínú ikùn, bóyá ó ti tàn dé ibòmíì. Bí kò bá sí ìkankan, máàkì jẹ́ 0. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, 1. Bó bá ju ọ̀kan lọ, 3. Ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù gba 1, ẹni tí tirẹ̀ ti dá gba 3. Èyí tó bá kọjá 200 ni a ń tètè fi ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀ nípa jẹjẹrẹ obìnrin. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ, àpò kan ṣoṣo lára ilé ẹyin kan, máàkì síkáànì yín jẹ́ 0, àpapọ̀ náà sì jẹ́ 0. Ká tiẹ̀ ní wọ́n tún rí ohun kan níbẹ̀, 1 × 1 × 68 jẹ́ 68 péré. Ẹ wá wo ìyá ọlọ́dún 62 tó ní 68 kan náà, tí síkáànì rẹ̀ ní ohun méjì: 3 × 3 × 68, 612 nìyẹn. Nọ́ńbà kan náà, ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ pátápátá.

Kí ló wá gbé e sókè lára yín? Èrò tèmi, tí dókítà tó bá fojú rí yín gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, ni endometriosis. Àrùn yìí ni kí awọ tó yẹ kó wà nínú ilé ọmọ máa hù níta rẹ̀, lára ilé ẹyin, lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun. Lóṣooṣù tí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á ṣẹ̀jẹ̀ síbi tí kò sí ọ̀nà àbájáde. Ó ń fa ìrora tí kì í jẹ́ kí obìnrin lè ṣiṣẹ́, ó ń dí ọmọ lọ́wọ́, ó ń gbé CA-125 sókè, nígbà míì dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Bó bá sì di àpò ẹ̀jẹ̀ lára ilé ẹyin, ó ń jẹ ẹyin ibẹ̀, AMH á sì lọ sílẹ̀. Ìrora, ọmọ tó pẹ́, àpò lára ilé ẹyin òsì, 68, 0.6: gbogbo wọn ló bá a mu. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ni wọ́n ti sọ fún láti kékeré pé bí nǹkan oṣù ṣe ń rí nìyẹn, pé bí wọ́n bá bímọ á lọ. Ìrora tó bá ń dá obìnrin dúró sílé lóṣooṣù, àìsàn ni. Ó yẹ kí ẹnì kan ti wádìí tiyín láti ìgbà tí ẹ wà nílé ìwé.

Ẹ má sì wá lọ ra CA-125 míì láti fi mọ̀ bóyá endometriosis ni. Kò dára fún ìyẹn náà. Síkáànì tí wọ́n ń ṣe láti ojú ara, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò dáadáa, ni ẹ nílò. Ti orí ikùn kì í rí ilé ẹyin tó bẹ́ẹ̀. Àpò ẹ̀jẹ̀ endometriosis ní ojú tirẹ̀ tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í sábà ṣì mú. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yé wọn lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè ṣe MRI, tàbí kí wọ́n wo HE4, purotéènì míì tí endometriosis kì í sábà gbé sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn kíndìnrín àti sìgá ń gbé òun náà sókè. Kí n má fi pamọ́ fún yín pé endometriosis ń fi díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ ilé ẹyin, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ní in, ó ju 97 lọ tí kò ní rí jẹjẹrẹ náà títí ọjọ́ ayé wọn.

AMH ńkọ́? Purotéènì ni òun náà. Àwọn àpò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ẹyin ń dàgbà nínú wọn ló ń ṣe é, nítorí náà ó ń sọ bí ẹyin tó kù ṣe pọ̀ tó. Kò sọ bí ẹyin náà ṣe dára tó, kò sì sọ pé ẹnì kan ò lè lóyún. Ní 2017, wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà èsì ìwádìí lórí obìnrin 750, ẹni ọdún 30 sí 44, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti lóyún láìní ìṣòro rí. Àwọn tí AMH wọn kò tó 0.7 lóyún bí àwọn yòókù ṣe lóyún. Tiyín yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwọn, nítorí pé ẹ ti ń retí fún ọdún méjì. Bí mo ṣe ka 0.6 yín ni pé, bó bá di pé ẹ máa ṣe IVF (kí wọ́n fa ẹyin jáde, kí wọ́n pò ó mọ́ àtọ̀ nínú láàbù), ẹyin tí wọ́n máa rí fà lẹ́ẹ̀kan lè má pọ̀, àti pé kò yẹ kí ẹ fi ọdún kan sí i ṣòfò. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń di ọmọ.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí ẹ lọ yọ ilé ẹyin ti bà mí lẹ́rù jù. Bó bá jẹ́ àpò endometriosis ni, kódà kí wọ́n bó àpò náà nìkan, ẹyin díẹ̀ á bá a lọ, AMH á tún já wálẹ̀. Kí wọ́n wá gbé gbogbo ilé ẹyin kan kúrò lára obìnrin tí AMH rẹ̀ jẹ́ 0.6, tó ń wá ọmọ, nítorí nọ́ńbà ọjọ́ nǹkan oṣù! Nígbà míì iṣẹ́ abẹ náà pọn dandan, mi ò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń tọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kí òun àti oníṣẹ́ abẹ jọ sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, ẹ wo oògùn irun àti èékánná tí ẹ ń lò bó bá wà. Púpọ̀ nínú wọn ní biotin (fítámìnì kan) tó pọ̀, biotin sì lè da ẹ̀rọ láàbù rú, ó lè mú kí AMH, kódà CA-125, hàn bíi pé ó kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ. FDA kìlọ̀ nípa èyí ní 2017. Ẹ dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn. Bí dókítà bá fẹ́ tún CA-125 ṣe rárá, kó jẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti lọ tán.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá yín ni mi ò fẹ́ kí ẹ fojú fò, nítorí pé ó ṣe pàtàkì ju 68 lọ lójú tèmi. Ẹ béèrè nínú ẹbí: ṣé ẹnì kan tún wà tó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin tàbí ti ọmú, pàápàá kó tó pé 50? Ẹ wo ẹ̀yìn bàbá yín náà, jíìnì tó ń fa irú jẹjẹrẹ yìí ń gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kọjá. Ẹni tó bá jogún BRCA1 tó ti bàjẹ́, nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ ilé ẹyin lè mú kó tó pé 80 ọdún. Ti BRCA2 jẹ́ nǹkan bí 17. Ẹni tí kò ní in kò tó 2. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ 1,136 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà wò, èsì náà jáde ní 2018: nǹkan bí ẹnì kan nínú méje ló jogún jíìnì tó ń fa jẹjẹrẹ, BRCA1 ló sì pọ̀ jù. Bó bá ṣeé ṣe, ìyá yín ni kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò jíìnì náà, torí òun ló sún mọ́ olóògbé jù. Bí olóògbé bá ní jíìnì náà, tí ìyá yín kò ní in, kò lè ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá ní in, ẹ̀yin náà á ṣe é, ìgbà tí ẹ bá bímọ tán ni a óò wá sọ̀rọ̀ nípa yíyọ túùbù àti ilé ẹyin kúrò. CA-125 kò lè dáhùn ìbéèrè yìí láéláé.

Ìyá yín fúnra wọn, ẹ sọ fún wọn pé bí ikùn bá ń wú, bí oúnjẹ díẹ̀ bá ń yó wọn kíá, bí abẹ́ ikùn bá ń dùn wọ́n tàbí tí ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n ṣáá, tó sì ń ṣẹlẹ̀ ju ìgbà 12 lọ lóṣù, kí wọ́n wá. Ní irú ọjọ́ orí wọn, CA-125 àti síkáànì tọ̀nà nígbà náà. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ 35 fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ bí ara bá ṣì ń sọ pé nǹkan kan ń ṣe. Ìwádìí kan tó jáde ní 2001 lórí àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá fi hàn pé ti àwọn aláwọ̀ dúdú wà ní nǹkan bí 9, ti àwọn òyìnbó sì wà ní nǹkan bí 14. Orí àwọn òyìnbó ni wọ́n gbé 35 náà kà jù. Nọ́ńbà tó dà bíi pé kò ga lára obìnrin tiwa lè ti ga jù fún un.

Láàbù yẹn tún polówó rẹ̀ pé àyẹ̀wò pípé ni. Kò pé o. CA-125 kò sọ ohunkóhun nípa ọrùn ilé ọmọ, jẹjẹrẹ ibẹ̀ ló sì ń mú obìnrin tó ju 12,000 lọ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, tó ju ti ilé ẹyin lọ fíìfíì. Kòkòrò HPV ló ń fà á, àyẹ̀wò HPV láti ẹnu ilé ọmọ la sì fi ń wá a. Bí wọ́n bá rí kòkòrò náà, purotéènì tí wọ́n ń pè ní p16 lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ sẹ́ẹ̀lì tí HPV ti ń dà láàmú, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà níbẹ̀ ni a ti ń wò ó. Ẹ ti lé ní 30, ó yẹ kí ẹ ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ṣe síkáànì, ẹ béèrè fún un.

Ó ku ọkọ yín. Ẹ sọ fún wọn lálẹ́ òní. Yàtọ̀ sí pé ẹrù yìí wúwo jù fún ẹnì kan, dókítà tó ń tọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ kò lè parí iṣẹ́ láìrí èsì tiwọn, ọdún méjì sì ti lọ tí ẹ̀yin nìkan ń gba abẹ́rẹ́. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Kí wọ́n má bá obìnrin lò pọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7 kí wọ́n tó lọ, bó bá sì jẹ́ ilé ni wọ́n ti gbà á, kó dé láàbù láàárín wákàtí kan, kí wọ́n fi sí ara kó má tutù. Ẹ mú èsì yẹn, ìwé síkáànì tuntun, àti orúkọ gbogbo àwọn tí jẹjẹrẹ mú nínú ẹbí pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ.